Ọ̀RỌ̀ ẸNU TÍ Ń GBÉ ÈNÌYÀN DÌDE

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ ní gbangba kí àwọn tó ń gbọ́ sì gbà á. Mo rò ó títí, mo rí i pé bí mo bá ń ka òfin ọ̀rọ̀ sísọ sí yín létí, oorun yóò ti gbé yín lọ kí n tó dé ìdajì. Ìdí nìyí tí mo fi mú ènìyàn méjì wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan, aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì: Martin Luther King àti Fannie Lou Hamer. Orúkọ ti àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí yín. Ti èkejì lè ṣàjèjì, ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, ẹ ó rí i pé ará ilé yín ni.

Ní ilẹ̀ wa, a kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. A ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ rí, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ ti rí ẹni tó dìde, tó fi ẹnu dídùn sọ pé kí a kó owó àpapọ̀ lé òwò kan tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un, tí ó sì di oṣù kẹfà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wá owó náà. Ẹ sì ti rí ẹni tó mọ òtítọ́, tó dìde láti sọ ọ́, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní kó jókòó. Èrè ọdún kan lè lọ báyẹn. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan àpò yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1955. Ní ìlú náà, iwájú bọ́ọ̀sì jẹ́ ti òyìnbó, ẹ̀yìn jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Bí àyè òyìnbó bá sì kún, aláwọ̀ dúdú ni yóò dìde fún un. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, obìnrin aránṣọ kan, Rosa Parks, kọ̀, kò dìde. Ọlọ́pàá mú un. Lóru ọjọ́ náà, Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú, jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé níbẹ̀, òun àti àwọn díẹ̀ tó ràn án lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé pé kí aláwọ̀ dúdú kankan má wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5. Ọjọ́ Ajé dé, bọ́ọ̀sì ń lọ lófìfo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì Holt Street, wọ́n kún dé ojú títì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni àwọn tó wà níta fi ń gbọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ jẹ́ pásítọ̀ ọmọ ọdún 26, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní alága ẹgbẹ́ tuntun náà ní ọ̀sán. King fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú péré ni òun ní láti fi múra, àti pé ohun tó dààmú òun ni báwo ni òun yóò ṣe sọ ọ́ tí àyà àwọn ènìyàn yóò fi le tó láti má wọ bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ tí wọn kò ní fi ìbínú ju òkò. Ẹ wo ìṣòro yẹn dáadáa. Ẹni tó bá mọ bí a ti í mú inú èrò ru nìkan, iná ló mọ̀ ọ́n dá, kò mọ̀ ọ́n pa.

Ohun tó ṣe kò le. Ó kọ́kọ́ ro ẹjọ́ bí ó ti rí: ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, orúkọ obìnrin náà, irú ènìyàn tí í ṣe. Ó wá sọ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ó ń sú ènìyàn. Ó tún un wí, ó tún un wí, nítorí pé àárẹ̀ ló wà lára gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ọ: alásè, afọṣọ, olùtọ́jú ilé òyìnbó. Ìgbà tí ariwo pọ̀ tó ni ó wá fa ìjánu, ó ní àwọn kò wá pe ẹnikẹ́ni sí ìjà. Ó sì fi òfin ilẹ̀ náà gan-an ti ara rẹ̀: bí àwọn bá ṣì í, a jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ṣì í, ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣì í, Ọlọ́run pàápàá ṣì í. Lẹ́yìn èyí ni Ralph Abernathy ka ohun tí ìpàdé fẹ́ pinnu sókè, àwọn ènìyàn sì dìde dúró láti fi hàn pé wọ́n gbà. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ kíyè sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn parí, ìpinnu tí a kọ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, ìbò sì tẹ̀ lé ìpinnu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbé ènìyàn dé ibi iṣẹ́. Bí ẹ kò bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ óò fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n kó nǹkan bí 300 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jọ, wọ́n yan ibùdókọ̀ tiwọn káàkiri ìlú, wọ́n ní àkókò tí ọkọ̀ ń kọjá. Ọkọ̀ ń fẹ́ epo, epo ń fẹ́ owó. Obìnrin alásè kan wà, Georgia Gilmore ni orúkọ rẹ̀. Ó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ń din adìẹ, wọ́n ń yan àkàrà òyìnbó, wọ́n ń tà á, wọ́n ń kó owó rẹ̀ wá sí ìpàdé. Nítorí pé ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó lọ́wọ́ sí i lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní Ẹgbẹ́ Tó Wá Láti Ibi Tí Kò Sí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí owó náà ti wá, wọn kò purọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ibi tí kò sí ni. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi ṣe é. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá wọn láre ní oṣù Kọkànlá 1956, wọ́n sì padà wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, wọ́n jókòó síbi tó wù wọ́n. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ King. Ti Gilmore, àwa tó mọ ohun tí dídá owó jọ túmọ̀ sí ló yẹ kí a máa rántí rẹ̀.

Nísinsìnyí, Washington. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló péjọ níwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln. Orúkọ ìwọ́de náà gan-an ni ìwọ́de fún iṣẹ́ àti òmìnira, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ iṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí owó iṣẹ́ wákàtí kan má ṣe dín sí dọ́là 2. Àgbà tó ṣe olórí rẹ̀ ni A. Philip Randolph, tó ti ń darí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú inú ọkọ̀ ojú irin láti ọdún 1925. Ẹni tó sì tò ó ni Bayard Rustin. Nǹkan bí oṣù méjì ló fi tò ó: bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin, omi, ilé ìgbẹ́, àwọn dókítà, oúnjẹ. Ní New York, àwọn ènìyàn fi òru di nǹkan bí 80,000 búrẹ́dì oníwàràkàṣì sínú àpò fún àwọn arìnrìn-àjò. Rustin tún ta kú pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dára, bó ti wù kó wọ́n tó, nítorí pé èrò tí kò bá gbọ́ ohun tí a ń sọ, kò sẹ́ni tó lè ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, àwọn kan ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ni wọ́n pè wá tún un ṣe. Bí wọn kò bá tún un ṣe ńkọ́? King ì bá sọ̀rọ̀ fún àwọn tó wà ní ìlà iwájú nìkan.

Gbogbo ènìyàn ló mọ apá ibi tí ó ti sọ nípa àlá. Èmi fẹ́ràn èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yin akápò yóò sì bá mi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ báǹkì ni. King ní nígbà tí àwọn tó dá ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀ kọ ìwé òfin wọn, ńṣe ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé gbèsè fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà, dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan aláwọ̀ dúdú, sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn ni wọ́n kọ fún un. Ó gbé e lọ sí báǹkì, wọ́n dá a padà pé owó tó wà níbẹ̀ kò tó. Ó ní àwọn kò gbà pé báǹkì òdodo ti wọ gbèsè, àwọn sì wá gba owó àwọn.

Ẹ wo agbára tó wà nínú àfiwé yìí. Ẹni tó mú sọ̀wédowó lọ sí báǹkì, alágbe kọ́. Kò wá tọrọ, ohun tí í ṣe tirẹ̀ ló wá gbà. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ fún aláwọ̀ dúdú pé kó ní sùúrù, pé ojú rere ni a óò ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré, King sọ ojú rere di gbèsè. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí sọ̀wédowó tó padà jẹ́, yálà onílé ńlá tàbí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Clarence Jones, amòfin tó bá King kọ apá ibẹ̀, ti sọ ibi tó ti rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, nígbà tí wọ́n ń wá owó ìdúró láti fi gba àwọn tí ọlọ́pàá kó ní Birmingham, ó lọ gba 100,000 dọ́là ní báǹkì kan ní New York láti ọwọ́ ìdílé Rockefeller, wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé gbèsè. Ìwé yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé fún Washington. Àfiwé tó múná, nínú ohun tí ojú ti rí ni a ti í mú un.

Ọ̀rọ̀ àlá ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò sí nínú ìwé tó gbé dání. Mahalia Jackson, akọrin ẹ̀mí tó jókòó nítòsí, ké sí i pé kó sọ fún wọn nípa àlá náà, ó sì ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan wá ń sọ pé ẹ̀mí gbé e ló kàn sọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ nípa àlá náà ní Rocky Mount, ní North Carolina, ní oṣù Kọkànlá 1962, ó sì tún un sọ ní Detroit ní oṣù Kẹfà 1963. Ó ti mọ bí ó ṣe ń rìn lẹ́nu, ó ti mọ ibi tí èrò ti ń dáhùn. Ìyẹn náà sì tún jẹ́ nǹkan pàtàkì: nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹni tó ń wàásù kì í dá sọ ọ́, àwọn tó ń gbọ́ ń gbè é. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá níbi tí àwọn ọdẹ pé sí, n kò ní láti ṣàlàyé fún un ìdí tí a fi ń tún gbólóhùn kan wí, àti ìdí tí ìkẹta fi ń dùn ju èkínní lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963 kan náà, George Wallace gba oyè gómìnà Alabama ní Montgomery. Òun náà tún ọ̀rọ̀ wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó ní ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun yóò wà lónìí, lọ́la, àti títí láé. Asa Carter, ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ló bá a kọ ọ́. Ó dùn létí àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n hó yèè. Ọgbọ́n kan náà ni. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu ni a fi ń gé ọwọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, Fannie Lou Hamer. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní Mississippi, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 20. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń já òwú. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko, onílẹ̀ ń mú nínú ìkórè. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1962, àwọn 18 wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá bọ́ọ̀sì náà dúró, wọ́n ní ẹ̀sùn awakọ̀ ni pé àwọ̀ tí wọ́n fi kun ọkọ̀ rẹ̀ kò bófin mu. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, onílẹ̀ ní kó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò tàbí kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ó ní kì í ṣe nítorí onílẹ̀ ni òun ṣe lọ, nítorí ara òun ni. Ó kúrò ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ọdún 18 tó ti lò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1964, ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Atlantic City, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wà lójú rẹ̀. Ẹjọ́ tó wá rò ni pé àwọn aṣojú Mississippi tó wà níbẹ̀, òyìnbó ni gbogbo wọn, wọn kò sì jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò. Kò gbé ìwé dání. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló lò. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó wà ní kóòtù: orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, agbègbè rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sọ ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1963 ní ìlú Winona, nígbà tí ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n sì pàṣẹ fún ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀ pé kí wọ́n nà án, tí ọ̀kan nà án títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí èkejì sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àfiwé níbẹ̀, kò sí ohun tó tún wí. Ọjọ́, ibi, ohun tí wọ́n ṣe. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé ṣé Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ òmìnira nìyí.

Ààrẹ Johnson ń wò ó. Ẹ̀rù bà á pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí yóò tú ẹgbẹ́ òun ká, ó sì pe àwọn oníròyìn lójijì, tẹlifíṣọ̀n bá yí kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án géérégé tí wọ́n pa Kennedy. Ìyẹn ni ìròyìn. Ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́: ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti wà nílé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Hamer hàn. Wọ́n fi àga méjì lọ àwọn aláwọ̀ dúdú Mississippi. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde, ní 1968 ni Hamer sì jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń sọ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ nípàdé nítorí pé wọn kò kàwé púpọ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni Hamer lò ní ilé ìwé.

Memphis, ní kúkúrú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1968, òjò àti ìjì ń jà, King kò sì fẹ́ jáde. Nǹkan bí 1,300 àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ìlú ló ti daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìdọ̀tí run àwọn méjì mọ́lẹ̀. Páálí tí wọ́n gbé dání kò ní ju pé ènìyàn ni àwọn. Abernathy fóònù sí King pé òun ni èrò náà ń retí, ó sì wá. Gbogbo ènìyàn rántí ìparí rẹ̀, níbi tó ti ní òun ti dé orí òkè, òun ti rí ilẹ̀ ìlérí. Wọ́n pa á ní ọjọ́ kejì. Ta ló rántí àárín rẹ̀? Láàárín rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó owó wọn kúrò ní àwọn báǹkì àárín ìlú, kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí Tri-State, báǹkì àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Ó dárúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ìwé adójútòfò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tiwọn. Ó dárúkọ búrẹ́dì àti mílíìkì tí wọn kò gbọ́dọ̀ rà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ tán ní ìpàdé yín, tí ọkàn yín sì ń gbóná, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni a ní kí n ṣe lọ́la, èló ni, ta ni yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní Hamer jẹ́ ará ilé yín. Ní ọdún 1969, ó dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Sunflower County, Freedom Farm ni wọ́n ń pè é. Ó ti rí i pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ebi ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní oúnjẹ nílé, kò sẹ́ni tó lè tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Éékà 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó tó nǹkan bí 680 nígbà tó yá. Wọ́n gbin ewébẹ̀ àti ẹ̀wà fún jíjẹ, wọ́n gbin òwú láti fi san owó ilẹ̀. Wọ́n ní báǹkì ẹlẹ́dẹ̀: ìdílé kan gba abo, ó bímọ, wọ́n sì dá padà nínú rẹ̀ kí ìdílé mìíràn lè rí gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àjọ àti èsúsú, ẹ ò ní bi mí bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Dọ́là kan lóṣù ni owó ẹgbẹ́. Nínú nǹkan bí 1,500 ìdílé tó wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 30 péré ló lè san án. Ẹnu Hamer ló ń wá ìyókù. Ó ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ń sunkún, wọ́n ń dáwó. Nígbà tí àìsàn dá a dúró, owó dínkù. Ọ̀dá àti àgbàrá ba ìkórè jẹ́, gbèsè ilẹ̀ àti owó orí pọ̀ sí i, ní 1976 ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Hamer kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1977. Àwọn kan ń sọ pé ìwé owó ẹgbẹ́ náà kò gún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í bá wọn dá ìyá náà lẹ́bi: fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ jẹun lórí ilẹ̀ tí í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, tí ẹ ń gbé owó lé ẹnu ènìyàn kan ṣoṣo, yálà alága ni tàbí olóṣèlú tó ṣèlérí fún yín, ẹ lọ wo inú ìwé yín kí ẹ tó dé ìpàdé ọdọọdún. Ẹ ka iye tó wá láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ka iye tó wá láti ẹnu onílérí.

Alága ti ń wo aago. Mo rí ọwọ́ méjì tó nà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìyá tó wọ aṣọ òkè ló kọ́kọ́ nà án. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìbéèrè wọn, Mà.